Iná Ti Tàn, Iṣẹ́ Kò Tíì Tán

Ìbéèrè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí jù lọ́dún yìí ni pé, kí ló pa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè pọ̀ mọ́ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì? Wọ́n ti rí àkọlé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi lára ògiri ẹ̀ka wa: ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń fa wáyà nẹ́tíwọ̀kì n'Ìbàdàn ń lò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ bi mí pé ṣé òwe àti oríkì ti tán nílẹ̀ ni. Òwe wà, oríkì wà, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ sì ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ wáyà ni ohun kan tí àwọn olùkọ́ wa nínú ìmọ̀ fònẹ́tíìkì ti ń tẹnu mọ́ láti ọdún kìíní ti yé mi yékéyéké: pé kí nǹkan máa ṣiṣẹ́ lójú ẹni yàtọ̀ sí kó dára, àti pé àfi kí ènìyàn wọ̀n ọ́n kó tó mọ ìyàtọ̀.

Lọ́dún 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì mú kí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní títì láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá, bàbá mi ní òun ò lè máa wo ọmọ tó ń sùn tó ń jí. Ó fà mí lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó ti ń fa wáyà nẹ́tíwọ̀kì sí ọ́fíìsì, ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn láti ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nílé, Bàbá Kékeré ni mo ń pè é. Lẹ́nu iṣẹ́, Ọ̀gá ni, bí àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ṣe ń pè é. Àwa mẹ́rin la wà lábẹ́ rẹ̀. Méjì nínú wa ò parí girama, ọ̀kan nínú àwọn yẹn sì jẹ́ ọmọ Ṣakí tí Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Nítorí náà, Yorùbá ni Ọ̀gá fi ń kọ́ gbogbo wa.

Wáyà bàbà ló kọ́kọ́ fi lé wa lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Cat 6. Bí ẹ bá bó èèpo rẹ̀, ẹ óò rí wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ní méjì-méjì. Àwọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀: àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé, búlúù àti búráùn. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní àwọ̀ yẹn látòkèdélẹ̀, ìkejì jẹ́ funfun tó ní ilà àwọ̀ kan náà lára. Ọ̀gá ń pè wọ́n ní tọkọtaya. "Tọkọtaya mẹ́rin ló ń gbé inú ilé yìí," ó ní, "ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ìyàwó oníyàwó." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ò ṣẹ̀fẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi lọ́ wọn pọ̀ rèé. Wáyà tí iná bá ń gbà kọjá máa ń pariwo sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ilé face-me-I-face-you ṣe ń gbọ́ gbogbo ìjà yàrá kejì. Bí wọ́n bá lọ́ méjì pọ̀, ariwo yòówù tó bá dé bá wọn, ọgbọọgba ló máa dé bá wọn. Ẹ̀rọ tó wà ní ìdí kejì á yọ ti ọ̀kan kúrò nínú ti ìkejì, ariwo á sì pa rẹ́. Alexander Graham Bell, ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí lọ́dún 1881. Bí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́ mọ́ra sí tún yàtọ̀ síra, kí ọ̀rọ̀ wọn má baà wọnú ara wọn. Èyí tó bá ṣì wọnú ara wọn, òfófó ni Ọ̀gá ń pè é. Nítorí òfófó yìí ni òfin àkọ́kọ́ ṣe wà: níbi tí ẹ bá ti ń so wáyà mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má tú lílọ́ rẹ̀ ju mìlímítà 13 lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdajì íǹṣì.

Òfin kejì ni ètò àwọ̀. Ètò méjì ló wà, A àti B, méjèèjì ló dára. Ohun tí kò dára ni kí ìdí kan jẹ́ A kí ìdí kejì jẹ́ B, tàbí kí ilé kan ní oríṣi méjì. B ni Ọ̀gá ń lò: funfun ọsàn, ọsàn, funfun ewé, búlúù, funfun búlúù, ewé, funfun búráùn, búráùn. Àràárọ̀ là ń kà á bí ọmọ iléèwé ṣe ń ka tábìlì. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé ààyè kẹta àti ìkẹfà ni tọkọtaya aláwọ̀ ewé wà, búlúù méjèèjì sì jókòó sáàárín wọn. Kò rẹwà lójú. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń tò ó ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́: ọsàn méjì, ewé méjì, búlúù méjì, búráùn méjì, kó lè dùn ún wò. Bí wọ́n bá tò ó báyìí ní ìdí méjèèjì, tẹ́sítà kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà á tan iná láti ookan dé ẹẹ́jọ, ẹni tó ṣe é á sì gba owó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ààyè kẹta àti ìkẹfà tó yẹ kó jẹ́ tọkọtaya ti di aláwọ̀ ewé kan àti búlúù kan tí kò lọ́ mọ́ ara wọn rárá. Òfófó á gba ilé kan. Íntánẹ́ẹ̀tì á máa wá, á máa lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ibi tó ti ń dà á.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá ṣàlàyé èyí fún wa ni mo rántí kíláàsì wa. Ẹ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá nu àmì ohùn kúrò lórí gbogbo wọn. Lẹ́tà ò yí padà, ẹni tó bá ń ka lẹ́tà nìkan á ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Àwa mọ̀ pé ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ ológun kì í ṣe nǹkan kan náà. Lẹ́tà nìkan ni tẹ́sítà kékeré mọ̀ ọ́n kà. Ó ń béèrè pé ṣé wáyà kìíní dé ọ̀hún, ṣé ìkejì dé ọ̀hún. Kì í béèrè ta ni ó lọ́ mọ́ ta. Ẹ̀rọ ńlá tó ń ka ohùn yàtọ̀: á gbé ìró gba inú wáyà náà, láti ìsàlẹ̀ títí dé 250 megahertz fún Cat 6, á sì wọn òfófó, á wọn gbohùngbohùn tó ń padà sẹ́yìn, á wọn bí agbára ṣe dín kù kó tó dé òdì kejì, á sì wọn gígùn. Lẹ́yìn náà ló máa sọ bóyá ó yege tàbí kò yege.

Àwọn òfin yòókù ò le, sùúrù ni wọ́n ń fẹ́. Wáyà tó wà láàárín ògiri àti kábínẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ ju mítà 90 lọ. Pẹ̀lú wáyà kéékèèké ti ìdí méjèèjì, kó má kọjá 100. Kí agbára tí ẹ fi ń fà á má ju ìwọ̀n kìlógíráàmù 11 lọ, nítorí fífà ní ipá máa ń na tọkọtaya kúrò nínú lílọ́ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní igun, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní fífẹ̀, kó má di kọ́rọ́bọ́tọ́ bí orúnkún: rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ ò gbọdọ̀ kéré sí ìlọ́po mẹ́rin ìnípọn wáyà náà. Ẹ má dì í pọ̀ pinpin bí ìdì igi. Ẹ má sì jẹ́ kó bá wáyà iná NEPA rìn nínú páìpù kan náà.

Ọjà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Wáyà kan wà tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára, tí wọ́n sì kọ Cat 6 sára páálí rẹ̀. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n tí a bá pe bí bàbà ṣe ń gba iná kọjá sí 100, nǹkan bí 61 ni ti alumíníọ̀mù. Àwọn kámẹ́rà àti fóònù ọ́fíìsì tó ń gba iná láti inú wáyà nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀ á máa kú, á máa jí, wáyà náà á sì máa gbóná nínú àjà. Ọ̀gá ò ní ra páálí kan láìfi abẹ ha wáyà rẹ̀ wò níwájú ẹni tó ń tà á. Bó bá pọ́n dénú, bàbà ni. Bí inú rẹ̀ bá funfun, a ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn la ṣe iṣẹ́ kan ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ojúkò 32 la fẹ́ fa wáyà sí. Nígbà tí a ti wọn ilé náà tán tí a sì ti dá iye lé e ni wọ́n pinnu láti gbé yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà. Mánijà wọn ní kí a ṣáà fa wáyà dé ibẹ̀. Ọ̀gá ní ibẹ̀ á jìnnà jù, pé fáíbà ló máa gbé e, pé owó á sì lé díẹ̀. Mánijà ní kò sí owó mìíràn, ká fà á bó bá ṣe lè rí. A fà á.

Nígbà tí a parí, tẹ́sítà kékeré tan iná lórí gbogbo ojúkò 32. Íntánẹ́ẹ̀tì dé yàrá àyẹ̀wò náà. Àwọn oní-POP ti dúró láti òwúrọ̀ pé kí a kúrò kí àwọn bo àjà, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sì fi dúró, owó ni. Mánijà gbé ìwé wá pé kí Ọ̀gá fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí, kí òun lè san owó tó kù. Ọ̀gá ní ó di ẹ̀yìn ìdánwò. Ó ti lọ háyà ẹ̀rọ ńlá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, owó gidi ló sì fi háyà rẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yege, mẹ́ta kùnà. Èkíní, irin tí wọ́n fi gbé àjà kọ́ ló tẹ wáyà mọ́lẹ̀. Èkejì, ọ̀kan nínú àwa ọmọ iṣẹ́ ti to tọkọtaya rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ ní ìdí méjèèjì. A tún méjèèjì ṣe kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kẹta ni ti yàrá àyẹ̀wò: mítà 112. Ọ̀gá kọ̀, kò fọwọ́ sí i.

Mánijà bínú gidigidi. "Ṣebí iná náà ló ń tàn yìí? Ṣebí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì?" Ọ̀gá dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, "Iná ti tàn, sà. Iṣẹ́ ò tíì tán. Bí mo bá fọwọ́ sí i, tí ẹ sì bo àjà, orúkọ mi ló máa wà lókè yẹn." Mánijà ní òun á pe ẹlòmíràn tó máa fọwọ́ sí i. Àwa ọmọ iṣẹ́ ń wo ojú ara wa, nítorí inú owó tó kù yẹn ni owó tiwa wà. Ọmọ Ṣakí nílò tirẹ̀ láti fi san owó ilé.

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn ló sọ kalẹ̀ nígbà tó gbọ́ ariwo. Ó béèrè ohun kan péré: "Tí èsì àyẹ̀wò ò bá dé ọ̀dọ̀ mi lásìkò, ṣé mo máa mọ̀ pé wáyà ni?" Ọ̀gá ní rárá, ẹ kò ní mọ̀, lónìí á dé, lọ́la á pẹ́, lọ́túnla ẹ ó máa rò pé ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ló ń lọ́ra. Ó fi èsì tó wà lójú ẹ̀rọ hàn án. Dókítà wò ó, ó ní kí àwọn oní-POP lọ bo apá kejì ilé ná. Wọ́n fọwọ́ sí owó fáíbà. Owó tó kù pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó jáde, Ọ̀gá ló yá owó fi san ti ọmọ Ṣakí.

Bí a ṣe dé orí fáíbà nìyẹn. Fáíbà ò ní bàbà nínú, dígí ni, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó dára fún àárín ilé méjì fún ìdí mìíràn pẹ̀lú: dígí kì í gbé iná, nítorí náà bí mànàmáná bá ṣẹ́ sí ilé kan, kò ní gba ibẹ̀ dé èkejì. Gbogbo ìnípọn dígí náà jẹ́ máíkírómítà 125, bí irun orí lásán. Nínú irú tí a lò, àárín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà ò ju nǹkan bí máíkírómítà 9 lọ. Eruku kan ṣoṣo tí ojú ò lè rí ti tó láti dí i. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá fi ní òfin ọ̀rọ̀ mẹ́rin: wò ó, nù ún, tún un wò, so ó. Awò kékeré kan la fi ń wo ẹnu rẹ̀. Tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀rá pàápàá, a ó wò ó ká tó so ó.

Decibel ni wọ́n fi ń ka iye ìmọ́lẹ̀ tó ń sọnù lọ́nà. Bí àdánù bá jẹ́ 3 decibel, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ. Bó bá jẹ́ 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Kí á tó fi ẹ̀rọ kàn án, Ọ̀gá ní ká kọ́kọ́ ṣírò iye tó yẹ kó sọnù. Ojúùpàdé méjì, èyí tí òfin gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.75: 1.5 nìyẹn. Ibi méjì tí a ti fi iná jó dígí mọ́ dígí, 0.3 lọ́kọ̀ọ̀kan: 0.6. Dígí náà fúnra rẹ̀ ò tó mítà 150, àdánù tirẹ̀ ò ju 0.1 lọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2.2. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ níbì kan.

A fi ìmọ́lẹ̀ 1310 nanometer wọ̀n ọ́n, ó fún wa ní 0.9. A fi 1550 wọ̀n ọ́n, ó fún wa ní 2.8. Ọ̀gá ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ níbì kan." Ìmọ́lẹ̀ 1550 ló máa ń tètè jò dànù bí wọ́n bá tẹ fáíbà jù. A ṣí àpótí tó wà lẹ́yìn kábínẹ́ẹ̀tì, a rí i níbi tó ti ká kó rọ́dórọ́dó. A tú u, a ká a ní fífẹ̀, àdánù orí 1550 sọ̀ kalẹ̀ sí 0.8. Ká ní 1310 nìkan la wọ̀n ni, à bá ti bo àpótí yẹn mọ́ ẹ̀bi náà.

Ibí yìí náà ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ Ṣakí mú ẹnu fáíbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń gbé e lọ sójú láti wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í hàn sí ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè ba ojú jẹ́. Ìkìlọ̀ wà lára ẹ̀rọ náà lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní ni wọ́n fi kọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá ti ń pe ẹnu fáíbà ní "ojú tí a kì í wò". Ó ní orúkọ fún ẹ̀rún dígí tó ń bọ́ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń gé e pẹ̀lú: "ẹ̀gún aláìríran". Inú ìgò tó ní ìdérí là ń kó o sí, a kì í sì í jẹun lórí tábìlì yẹn. Ẹnikẹ́ni ò kọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹnu ọ̀gá ni wọ́n ti ń dé etí ọmọ iṣẹ́, bí ọ̀gá kan ò bá sì ní ọ̀rọ̀ fún un, ojú ọmọ iṣẹ́ ló máa fi mọ̀ ọ́n.

Mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, Bódìjà àti Ìwó Road, mo sì ń tò wọ́n pẹ̀lú àmì ohùn, ìtumọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń lò ó. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ní fa wáyà láyé, ìmọ̀ràn mi ò pọ̀. Bí ẹnì kan bá fa wáyà sí ọ́fíìsì yín, ẹ béèrè èsì ìdánwò ojúkò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bo àjà. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà kan náà wà ní ìdí wáyà méjèèjì àti lórí ìwé. Ẹ tọ́jú ìwé náà. Bí wọ́n bá ní iná ti tàn, ẹ ní ẹ ti rí i, èsì lẹ ń béèrè.

Lóṣù tó kọjá ni mo fi àkójọ ọ̀rọ̀ mi han Ọ̀gá. Mo ti kọ "àárẹ̀ ìmọ́lẹ̀" fún bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù nínú fáíbà, nítorí méjì nínú àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n fi "àdánù" ṣáájú. Mo bi í pé kí ni ìyàtọ̀ wọn. Mo sọ fún un nípa Charles Kao pẹ̀lú, ẹni tó sọ lọ́dún 1966 pé ìdọ̀tí inú dígí ló ń gba ìmọ́lẹ̀ náà, kì í ṣe dígí fúnra rẹ̀, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2009. Ọ̀gá ní òun ò mọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. "Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbọ́ àárẹ̀ á ní ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tí a lè ṣe. Èyí tó bá gbọ́ àdánù á béèrè pé ibo ló sọnù sí, á sì dìde lọ wá a."

Àdánù ni mo fi ṣáájú.